Akàn pupa ń kú lórí àpáta lẹ́yìn ilé wa, kí ló ń pa wọ́n?

Màmá Tọ́lá
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀rín. Garachico là ń gbé, ìlú kékeré kan létí òkun ní apá àríwá Tenerife, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Canary ti Spain. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí á mọ̀ pé àpáta dúdú ló kún etí omi wa, òkè ayọnáyèéfín ló bú ní 1706, iná rẹ̀ ṣàn wọ ìlú, ó dí èbúté wọn pa, ibi tó sì dì sí nínú òkun ló wá di àwọn ihò omi táwọn èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ lónìí. Akàn ibẹ̀ kò lóǹkà.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, kò sọ ohun míì mọ́ àfi akàn. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń ṣa òkú wọn wálé, wọ́n pupa fòò bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè tán. Lánàá mo tú báàgì ìwé ẹ̀, mọ́kànlá ni mo kà níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló wá bú sẹ́kún pé ẹnì kan ń da májèlé sókun. Mo ní kó lọ sùn, àmọ́ èmi gan-an ò rí oorun sùn, torí wọ́n ń kọ́lé lókè ilé wa, mi ò sì mọ ibi tí omi ìdọ̀tí wọn ń gbà.

Kí ló ń pa wọ́n? Àwọn kéékèèké kan tún wà tó dúdú bí àpáta, ṣé irú míì nìyẹn? Àti pé, ẹ má bínú o, ṣé wọ́n ṣeé jẹ? Owó ẹja níbí ò ṣeé gbọ́ sétí.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́. Tó bá fúyẹ́ bí èèpo ẹyin, akàn yẹn ò kú, ó bọ́ aṣọ sílẹ̀ ni ó bá tiẹ̀ lọ. Akàn tó kú lóòótọ́, tó bá lo ọ̀sán kan péré nínú báàgì ìwé, gbogbo yín lẹ máa sá jáde nílé. Etí omi ni wọ́n bí mi sí, mo mọ òórùn yẹn.

Ti jíjẹ, ẹ gbé ata kaná ná.

Èrò London
Ẹ má fọ̀rọ̀ yìí ṣeré o. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé 2021 ni òkè iná bú láwọn erékùṣù yẹn, tí iná náà ṣàn títí tó fi wọ òkun? A rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, èéfín funfun ń jáde lára omi. Omi gbígbóná ló ń sè wọ́n, ìyẹn ni wọ́n ṣe pupa. Màmá Tọ́lá fúnra wọn sọ pé ó dà bí èyí tí wọ́n sè. Ẹ kó ọmọ yẹn kúrò létí omi.

Ṣèyí Las Palmas
Ẹ̀gbọ́n Èrò London, ẹ rọra. Erékùṣù La Palma ni òkè ti bú ní 2021, kì í ṣe Tenerife. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 19 Oṣù Kẹsàn-án, ó parí ní 13 Oṣù Kejìlá. Èmi ń gbé ní Las Palmas, ìyẹn sì jẹ́ ìlú kan lórí Gran Canaria, erékùṣù ọ̀tọ̀ pátápátá. Ẹ ò ní mọ bí mo ṣe jìyà orúkọ yìí tó lọ́dún yẹn, gbogbo ìdílé mi ní Abẹ́òkúta ló ń pè mí pé ṣé iná ò tíì dé ilé mi, àǹtí mi kan tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Iná yẹn ti kú tipẹ́, kò sí omi tó ń hó ní Garachico lónìí.

Tó bá sì jẹ́ májèlé ni, kì í ṣe akàn nìkan ló máa mú. Ẹ máa rí ẹja tó léfòó, ẹ máa rí àwọn ìgbín òkun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní lapas tí wọ́n á máa já bọ́ lára òkúta. Màmá Tọ́lá, ṣé ẹ rí nǹkan bẹ́ẹ̀?

Màmá Tọ́lá
Rárá o. Lapas wà níbẹ̀ gbagidi, ọ̀bẹ gan-an ò rí wọn ṣí. Ẹja kéékèèké náà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ihò omi. Mo ti gbé ọ̀kan lára àwọn akàn náà lọ́wọ́, ó fúyẹ́ lóòótọ́.

Tíṣà Bàólọ́jì
Ẹ kú ìjókòó o gbogbo ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà àmọ́ ọ̀rọ̀ báyìí kì í jẹ́ kí n dákẹ́, ẹ ní sùúrù fún mi torí ó máa gùn díẹ̀.

Egungun akàn kò sí nínú, ìta ló wà. Èèpo líle yẹn ni egungun rẹ̀, kì í sì í bá ara dàgbà, gẹ́gẹ́ bí bàtà ọmọ iléèwé kì í ṣe é bá ẹsẹ̀ dàgbà. Tí ara bá ti fún un nínú ẹ̀, akàn á bẹ̀rẹ̀ sí hu èèpo tuntun sábẹ́ ti àtijọ́, èyí tuntun náà á rọ̀, á ká jọ. Á tún fa díẹ̀ lára ohun tó mú èèpo àtijọ́ le padà sínú ara. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ bọ́ ọ, á mu omi, ara rẹ̀ á wú, èèpo àtijọ́ á sì là lẹ́yìn, níbi tí ìgbá ẹ̀yìn ti pàdé ìdí. Ibẹ̀ ló máa gbà jáde, ẹ̀yìn ló sì máa fi jáde, á fa gbogbo ẹsẹ̀ yọ níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń bọ́ ṣòkòtò tó há. Tó bá jáde tán á tún mu omi kún un kí ara lè fẹ̀ kí èèpo tuntun tó le. Lásìkò yẹn ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ẹnikẹ́ni ló lè fi í jẹun, ìdí nìyẹn tó fi máa wá kòtò àpáta wọ̀ títí ara á fi le.

Ohun tí Tọ́lá ń ṣa wálé nìyẹn. Kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, á rí ibi tó ti là. Kó wo ojú, á rí i pé ó mọ́ gaara bíi díńgí tí kò sí nǹkan lẹ́yìn ẹ̀, torí ojú pàápàá ń bọ́ awọ. Kó yẹ inú ẹsẹ̀ wò, á rí i pé ihò lásán ni.

Ó wá ku pupa. Èrò London ò ṣì í tán. Àwọ̀ pupa náà ti wà nínú èèpo akàn látilẹ̀, àmọ́ èròjà kan wà tó dì mọ́ ọn tó sì ń sọ ọ́ di dúdú tàbí aláwọ̀ ewé tàbí búlúù. Iná ìkòkò máa ń já ìdè yẹn, pupa á wá yọ. Oòrùn náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún èèpo tí akàn ti bọ́ sílẹ̀, kò kàn yára bí iná ni. Nítorí náà akàn tó bọ́ ọ lè jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní tóótòòtó, kí èèpo rẹ̀ sì pupa lórí òkúta lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Èrò London
Tíṣà, mo gbà. Ẹ ṣáà ti rí i pé mo sún mọ́ ọn.

Ìyá Bádéjọ
Ti àwọn dúdú yẹn, akọ ni wọ́n. Pupa ni abo. Bí ẹyẹ ló ṣe rí, àwọ̀ akọ àti abo kì í dọ́gba.

Atukọ̀
Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dúdú yẹn, ọmọdé ni wọ́n.

Ọdún kan wà tí ọkọ̀ wa dúró fún àtúnṣe ní Guayaquil, ní Ecuador, mo wá fowó mi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí àwọn erékùṣù Galápagos fọ́jọ́ mẹ́rin. Wọ́n gba 100 dọ́là lọ́wọ́ mi kí n tó kúrò ní pápákọ̀, 200 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò báyìí láti Oṣù Kẹjọ 2024. Zayapa ni wọ́n ń pe akàn yìí níbẹ̀. Èyí tó dàgbà nínú wọn, mi ò rí ohun tó pupa tó o rí, bíi tòmátò tó pọ́n dénú, abẹ́ rẹ̀ àti iwájú rẹ̀ wá jẹ́ búlúù bí ojú ọ̀run. Lórí àpáta tó dúdú bí èédú, látinú ọkọ̀ ojú omi lẹ ti máa rí wọn. Àmọ́ àwọn ọmọ wọn dúdú bí àpáta yẹn gan-an, tóótòòtó kéékèèké ló wà lára wọn, o lè jókòó tì wọ́n kó o má mọ̀ títí ọ̀kan á fi rìn. Amọ̀nà wa ní bí wọ́n bá ṣe ń bọ́ èèpo ni àwọ̀ ń yí, díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi pupa. Ọmọ tó bá pupa láti kékeré, ẹyẹ ti gbé e mì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ akọ, ẹ dojú ẹ̀ dé kẹ́ ẹ wo ikùn. Pẹpẹ kan wà tó ká sábẹ́ ibẹ̀, ti akọ tẹ́ẹ́rẹ́ ó sì ṣóńṣó, ti abo fẹ̀ torí abẹ́ ẹ̀ ló ń gbé ẹyin sí.

Màmá Tọ́lá
Àmọ́ Atukọ̀, àwọn àgbà tiwa níbí kì í pupa tó bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n rí bí àwọ̀ bíríkì tó ti dọ̀tí, tóótòòtó funfun wà lára wọn, àwọn kan nìkan ni ẹsẹ̀ wọn pupa dáadáa.

Tíṣà Bàólọ́jì
Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ. Ẹbí kan náà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tí Atukọ̀ rí ni Grapsus grapsus, òun ló wà létí òkun Pàsífíìkì ní Amẹ́ríkà, ó tún wà ní Karibíà àti láwọn erékùṣù Brazil. Tiyín ni Grapsus adscensionis, ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Àtìláńtíìkì ló ń gbé, láti Azores àti Madeira dé Cape Verde, títí kan etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Láti ara erékùṣù Ascension ni wọ́n ti fún un lórúkọ, Osbeck, ará Sweden, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1765. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń ka àwọn méjèèjì sí ọ̀kan ṣoṣo. Tiyín ò tan yòò tó ti ọ̀hún.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ní Ayétòrò lọ́dọ̀ wa ẹrọ̀fọ̀ àti iyanrìn la ní, akàn wa ń gbẹ́lẹ̀ ni. Èyí tó bá ń sá lórí òkúta, ojú òkúta ńláńlá tí wọ́n fi dí ìgbì lẹ́nu èbúté Èkó ni mo ti rí irú ẹ̀, ó pẹlẹbẹ, ó yára bí aláǹgbá. Mo fi àwọ̀n lé e, mi ò mú ọ̀kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, èyí tún wá fi ẹsẹ̀ kún un.

Ará Bahia
Mo kí yín láti Salvador, ní Brazil. Mo lọ sí Fernando de Noronha, erékùṣù kan níbí, lọ́dún tó kọjá, àpáta òkè iná náà ni tibẹ̀, akàn yìí sì kún ibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kì í ṣe gbogbo akàn tẹ́ ẹ bá rí nílẹ̀ ló bọ́ aṣọ o. Nǹkan ń jẹ wọ́n. Ẹja kan wà tó gùn bí ejò, ara rẹ̀ dúdú pẹ̀lú ìlà yẹ́lò bíi ṣéènì, inú ihò òkúta ló ń sá pamọ́ sí. Mo jókòó létí omi pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, akàn mẹ́ta ń họ òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àfi wàì tí nǹkan fò jáde látinú omi, ó gbá ọ̀kan mú níbi tó ti gbẹ, ó wọ́ ọ padà sínú omi. Búrẹ́dì mi ti já bọ́ kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ akàn kan ló ṣẹ́ kù lórí òkúta, ó ṣì ń mì.

Tíṣà Bàólọ́jì
Akàn fúnra rẹ̀ ló já ẹsẹ̀ yẹn dà nù. Ibi tó ti máa já ti wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ látilẹ̀, tí ọ̀tá bá gbá a lẹ́sẹ̀ mú á fi sílẹ̀ fún un kó lè ráyè sá. Ìgbà tó bá tún bọ́ èèpo ni ẹsẹ̀ tuntun máa yọ, kékeré ló máa kọ́kọ́ jẹ́.

Màmá Tọ́lá
Ẹ gbà mí o, èmi àti Tọ́lá ti yẹ mọ́kànlá yẹn wò lórí tábìlì ìdáná, ọkọ mi ní òun ò jẹun níbẹ̀ mọ́ títí ọdún á fi parí. Mẹ́sàn-án ló là lẹ́yìn bí Tíṣà ṣe wí, òfìfo ni. Méjì ò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbá ẹ̀yìn ọ̀kan lu bí ìgbà tí nǹkan sọ ọ́ lẹ́nu, ìkejì ò ní ju ìlàjì lọ, ó sì ń rùn. Tọ́lá ní àwọn méjì yẹn ni májèlé pa.

Ṣèyí Las Palmas
Èyí tó lu yẹn, ẹyẹ òkun ni, àwọn funfun aláriwo yẹn. Ìlàjì yẹn sì lè jẹ́ ọwọ́ èèyàn. Àwọn bàbá tó ń fi ìwọ̀ pẹja vieja níbí, akàn ni ìdẹ wọn. Alẹ́ ni wọ́n ń lọ mú un, iná lórí, torí tí ìmọ́lẹ̀ bá bá a lójú ó máa ń dúró gọ̀ọ̀. Wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fi há ẹnu ìwọ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù wọ́n á dà á sórí òkúta.

Ìyẹn náà ni mo fi dáhùn ti jíjẹ. Àwọn tó ni ìlú ń fi í dẹ ẹja tí wọ́n fẹ́ jẹ ni. Ẹran inú ẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ sì rántí pé níbí, ẹni tó bá fẹ́ pẹja fún fàájì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kíkó ohun etí òkun náà ní òfin tirẹ̀, lapas tẹ́ ẹ rí yẹn ní àsìkò tí wọ́n ń fòfin dè é. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lébùúté kẹ́ ẹ tó mú ohunkóhun sínú ìkòkò, owó ìtanràn wọn ju owó ẹja lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ẹran kì í kéré ju ọbẹ̀. Omi ẹ̀ la ń wá. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi se ọbẹ̀ ata.

Ṣèyí Las Palmas
Àbúrò, níbi tí omi ìdọ̀tí ilé kíkọ́ lè máa gbà? Ewédò ara òkúta yẹn gan-an ni oúnjẹ wọn.

Ọmọ Ìlàjẹ
Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé ìkòkò kalẹ̀.

Ìyá Bádéjọ
Ewédò nìkan kọ́ ni wọ́n ń jẹ. Mo ka ti Darwin, òyìnbó onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹn, pé nígbà tí ọkọ̀ wọn dé àpáta òkè iná kan tí wọ́n ń pè ní St Paul láàárín Àtìláńtíìkì ní 1832, ó rí akàn yìí tó ń jí ẹja gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ ẹyẹ, bí ìyá ẹyẹ bá ṣe fò dìde báyìí akàn á ti gbé e. Ó tún ń gbé ọmọ ẹyẹ lọ. Ẹ wá ní ewédò.

Tíṣà Bàólọ́jì
Ìyá Bádéjọ, ẹ kú ìwé kíkà! Òtítọ́ ni, ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń jẹ, òkú ẹran, ẹyin, kódà akàn tó kéré sí wọn. Àmọ́ ewédò ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, ẹnu ọwọ́ wọn rí bíi ṣíbí kí wọ́n lè fi ha á kúrò lára òkúta. Ohun kan péré ni mo máa tún ṣe. Àpáta St Paul kì í ṣe ti òkè iná, abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ti ara rẹ̀ jáde, Darwin pàápàá ti kíyè sí i nígbà yẹn pé kò jọ àwọn erékùṣù òkè iná yòókù.

Atukọ̀
Ní Galápagos mo rí ọ̀kan tó gun orí aláǹgbá ńlá tó ń wẹ̀ lókun, tó ń ṣa nǹkan lára ẹ̀, amọ̀nà ní eégbọn ni. Aláǹgbá náà ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Mo fẹ́ sún mọ́ ọn ya fọ́tò, ó ní kí n padà sẹ́yìn, mítà méjì ni òfin. Èèpo tí akàn bọ́ sílẹ̀ gan-an wọn ò jẹ́ kí n mú ẹyọ kan.

Èrò London
Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó ṣọ́ra lórí òkúta sá. Ọ̀rẹ́ mi kan yọ̀ ṣubú nírú ibẹ̀, ó pàdánù fóònù, eyín kan sì bá a lọ.

Ṣèyí Las Palmas
Hẹn-ẹn, ẹ gbọ́ èyí. Ibi tí akàn ń gbé gan-an ni ìgbì ti ń fọ́, torí ohun tó fi ń mí gbọ́dọ̀ máa tutù, àmọ́ kì í fẹ́ gbé inú omi. Nítorí náà ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i, ìgbì máa débẹ̀. Òkúta tó gbẹ tó jọ eérú, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dúdú tó ń dán, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ nígbà tí omi bá ti fà, ẹ wo ìgbì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá látòkè kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí òkun. Tẹ́ ẹ bá jókòó, ẹ má mira. Òjìji yín máa ń lé wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó jẹ́jẹ́, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi jáde padà.

Màmá Tọ́lá
A lọ ní Sátidé. Omi ti fà dáadáa, a jókòó sórí òkúta gbígbẹ, mo di ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ mú lẹ́yìn. Àwọn dúdú kéékèèké ló kọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn náà ni àgbà kan jáde látinú kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ méjèèjì jẹun, ọ̀tún lọ sẹ́nu òsì lọ sẹ́nu, bíi bàbá mi nídìí iyán. Tọ́lá ló kọ́kọ́ rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ẹyọ kan kéré, ó rí ràndánràndán, ó sì mọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ó kígbe "ó ti hù ú padà!" ni gbogbo wọn bá sá wọlẹ̀. A tún jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá míì.

Ọ̀rọ̀ májèlé ti tán lẹ́nu ẹ̀. Ó fẹ́ lẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án mọ́ páálí láti kékeré dé àgbà lọ sí iléèwé, àmọ́ wọ́n ṣì ń rùn díẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ wọ́n tí àwọ̀ ò fi ní lọ? Mo ti fẹ́ fi bulíìsì.

Tíṣà Bàólọ́jì
Bulíìsì kẹ̀! Á fọ àwọ̀ lọ. Omi ẹ̀rọ lásán, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ nu inú ẹ̀, ẹ sá a síbi tó ní afẹ́fẹ́ tí oòrùn ò dé. Ẹ rọra mú ẹsẹ̀, á máa já.

Màmá Tọ́lá
Mo ti sá wọn sí bákónì lánàá, ẹ ṣé gan-an sà. Méje ló kù. Ológbò aládùúgbò ló gbé méjì lọ.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ológbò yẹn mọ nǹkan tó dáa.